Ìpẹtà Inú Omi Òjò

Lọ́dún 2014, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè Hamdalah Sàlàkọ́ ní àdúgbò wọn ní Ìgàndó, ọmọ bàbá oníbátìrì ni wọ́n máa pè é. Wọ́n mọ̀ pé ó ń lọ sí yunifásítì, wọ́n mọ̀ pé ó ti gboyè àkọ́kọ́, pé ó sì tún padà lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó ń kọ́ níbẹ̀, tó sì fara balẹ̀ dáhùn, ńṣe ni wọ́n máa ń sọ pé, "Ọlọ́run á ràn ẹ́ lọ́wọ́ o," tí wọ́n á sì yára béèrè bóyá bàbá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá rẹ̀, Jibril Sàlàkọ́, ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó nígbà tí kò tíì níyàwó. Dòpèmú ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣáàjì bátìrì mọ́tò, kó tó wá dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ lójú ilé ní Ìgàndó. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì tan iná, sílé, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, torí pé àwọn bátìrì ńláńlá tó ń gbé ínfátà máa ń gbẹ omi, èèyàn sì gbọ́dọ̀ máa bu omi kún wọn. Ọ̀rọ̀ omi yìí ni Bàbá kì í fi ṣeré rárá. Kì í lo omi kànga, torí pé irin pọ̀ nínú omi ilẹ̀ wọn débi pé ó ń sọ aṣọ funfun di pupa rúsúrúsú. Kì í sì í rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Omi òjò ló ń lò, ó sì ní bó ṣe ń gbè é. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ fún un ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kó fi fọ eruku inú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, á to àwọn ọpọ́n rọ́bà sórí àga pákó láàárín àgbàlá, níbi tí omi orí òrùlé kankan ò ti lè ta sí i. Bí òjò bá dá, á fi ẹ̀kán omi kan sórí gíláàsì, á sì gbé e sóòrùn. Bí ẹ̀kán náà bá gbẹ tí kò fi àmì kankan sílẹ̀, omi yẹn yege, ó di omi bátìrì. Bí ó bá fi òrùka sílẹ̀, Àdíját ìyàwó rẹ̀ ló máa fi fọ abọ́.

Ọmọ ọdún méje ni Hamdalah wà nígbà tó ti ń gbé gíláàsì náà sóòrùn fún un. Bàbá ò kọ́ ọ ní físíìsì, kò tilẹ̀ mọ orúkọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí ojú ò rí nínú omi lè wà níbẹ̀.

Ohun tó wá ń kọ́ fún oyè másítà kò le tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe le. Ó ń po èérún kan láti ara irin àti kóbáàtì, oríṣi mẹ́táàlì kan. Èérún náà kéré débi pé bí a bá to ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rẹ̀ sórí ìlà kan, wọn ò ní ju ìbú fọ́nrán irun orí kan lọ. Èérún kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà tó dá dúró. Bí a bá gbé òòfà ńlá sún mọ́ wọn, gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà. Bí a bá gbé òòfà ńlá náà kúrò, wọ́n á máa yíjú padà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí a ò fi ní mọ̀ mọ́ pé wọ́n ti jọ kọjú síbì kan rí. Ìyíjúpadà yẹn ni iṣẹ́ Hamdalah: kí ló ń mú un yá, kí ló ń mú un lọ́ra? Ooru ló ń tì wọ́n. Ó dà bíi pé òkè kékeré kan wà níwájú èérún kọ̀ọ̀kan tó gbọ́dọ̀ gùn kó tó lè yíjú, ooru ló sì ń fún un lágbára láti gùn ún. Bí otútù bá ti ń mú, agbára ń tán, wọ́n á sì dúró sójú kan.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ wò ó bí ọyẹ́ bá mú, Màámi. Kálukú á ká jọ sábẹ́ aṣọ ìbora, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ yí ara padà."

Àdíját wò ó tìyanutìyanu. "Ìyẹn lo wá lọ ń kọ́ ní yunifásítì láti ọdún yìí wá? Èmi ti mọ̀ ọ́n kí n tó bí ẹ jàre."

Lóṣù keje ọdún 2013, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì, ilé ìwé sì dá páropáro. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnkẹ́ Ṣóbọ̀wálé, obìnrin tó ń darí iṣẹ́ Hamdalah, fún un ní kọ́kọ́rọ́ láàbù kó má baà jókòó sílé lásán. Hamdalah ti po ìpò èérún kìíní kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀. Ìpò kejì ló kù, èyí tí wọ́n fẹ́ wọ̀n dé inú otútù tó jinlẹ̀ jù. Lóṣù kẹsàn-án, nígbà tó kù kó fọ èérún ìpò kejì náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ omi di oru, tó tún ń dá oru náà padà di omi mímọ́, jóná. Kò sì sẹ́ni tó máa tún un ṣe nígbà ìyanṣẹ́lódì.

Hamdalah ò dààmú. Omi tó mọ́ ju èyíkéyìí lọ wà nílé wọn. Bàbá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lákòókò yẹn, ó lọ síbi àdúrà ogójì ọjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú, ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló bá a bu omi kún kẹ́ẹ̀gì méjì láti inú dúrọ́ọ̀mù búlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Hamdalah gbé e lọ, ó fi fọ èérún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà bó ṣe yẹ. Kò dán omi náà wò. Kí ló máa dán wò níbẹ̀? Omi Bàbá ni.

Láàbù tiwọn ò ní ẹ̀rọ tó lè mú nǹkan tutù tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kó èérún náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà Henry, tó ń fi gáàsì híílíọ̀mù tí wọ́n sọ di omi mú nǹkan tutù títí yóò fi ku ìwọ̀n méjì péré kó dé ibi tí otútù parí sí. Yìnyín inú fírísà àwọn ẹlẹ́ja ní Ìkọ̀tún, bí iná ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èsì dé lóṣù kejì ọdún 2014. Èérún náà ṣe bó ṣe yẹ fún ìgbà pípẹ́: bó ṣe ń tutù sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyíjúpadà ń lọ́ra, ìlà orí gíráàfù sì ń wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ìlà náà kọ̀, kò wálẹ̀ mọ́. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú otútù tó yẹ kí ohun gbogbo ti sùn, nǹkan kan ṣì ń yí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣóbọ̀wálé kì í pariwo, àmọ́ ó pariwo lọ́jọ́ yẹn.

"Hamdalah! Ṣé o rí i? Wọn ò gun òkè mọ́, inú òkè ni wọ́n ń gbà kọjá!"

Ohun tó ń sọ kì í ṣe àwàdà. Ó wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ físíìsì pé, nínú otútù tó jinlẹ̀ jù, òòfà tó kéré gan-an lè yíjú láìgun òkè rárá, bí ìgbà tí èèyàn wọ inú ògiri kan tó sì bọ́ sí òdìkejì láìgba ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá rí i nínú èérún bíi ti Hamdalah ti rí nǹkan ńlá. Dókítà Henry náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní àyè kan wà fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní láàbù òun láti oṣù kẹsàn-án, àti pé bí wọ́n bá lè fi èsì yìí ránṣẹ́ sí àpérò tí wọ́n máa ṣe lóṣù kẹfà, Hamdalah ló ni àyè náà. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn gbígba ìwé fún àpérò náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ ojú ìwé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́. Ó ku kí Hamdalah fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ó ń ka ojú ìwé náà, inú rẹ̀ sì ń dùn. Bàbá wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún, ó tẹ̀ mọ́ bátìrì ínfátà ńlá kan, ó sì ń dá sọ̀rọ̀.

"Iná rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú lọ́jọ́rú. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n. Mi ò lò ó, kò sẹ́ni tó lò ó. Òní nìyí, ó ti dé ìdajì. Bátìrì kẹta rèé lóṣù yìí."

"Bóyá bátìrì náà ti gbó ni, Bàbá," Hamdalah dáhùn láìgbójú sókè.

"Gbó bíi ti báwo? Ọdún tó kọjá ni wọ́n rà á! Ẹnìkan ò fọwọ́ kàn án, ó ń dín kù. Irin ló ń ṣe bátìrì báyẹn. Bí irin bá ti wọnú rẹ̀, á máa jẹ ara rẹ̀ lórí ìdúró."

Hamdalah gbójú sókè nígbà yẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, tó sì ń yí padà lórí ìdúró: ìyẹn gan-an ló wà lórí gíráàfù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, omi wo lẹ bù sí i?"

"Omi wo ni mo tún ní? Omi wa ni. Ti dúrọ́ọ̀mù búlúù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Má wo omi ṣá, kò sí nǹkan tó ṣe omi."

Kò jiyàn. Ó dìde, ó lọ bu omi díẹ̀ látinú dúrọ́ọ̀mù búlúù, ó fi ẹ̀kán kan sórí gíláàsì, ó sì gbé e sórí ògiri kékeré tó wà lójú oòrùn. Bàbá náà jáde wá. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ẹ̀kán náà. Oòrùn oṣù kejì ò fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí ẹ̀kán náà gbẹ tán, òrùka kan wà lórí gíláàsì, tẹ́ẹ́rẹ́, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí.

Bàbá yíjú sí ìdí iná tí ìyàwó rẹ̀ wà. "Ìyá Hamdalah!"

Àdíját jáde wá pẹ̀lú ọbẹ̀ lórí ìpọnbẹ̀. Ó rí gíláàsì, ó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó rí ojú ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀ ń wò mí. Kí lẹ̀ ń wò mí fún?"

"Ta ló gbe omi dúrọ́ọ̀mù yìí?"

"Nígbà tẹ́ ẹ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́? Èmi ni mo gbè é. Ó kún àbí kò kún?"

"Mo rò pé o ti dán an wò ni. Àárín àgbàlá lo gbé ọpọ́n sí?"

Àdíját gbé ìpọnbẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. "Mo kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Òjò ọjọ́ yẹn ń kán sínú ọpọ́n yín bí ẹni tó ń bẹ̀ wá ni. Mo dúró, mo dúró, ó sú mi. Mo bá gbé e lọ sábẹ́ etí páànù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, dúrọ́ọ̀mù ti kún! Mo tiẹ̀ ń sọ nínú ara mi pé ọkùnrin yìí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ jìyà lásán."

"Àdíját! Páànù tó ti dípẹtà kí Hamdalah tó wọ iléèwé!"

"Omi ni mo rí, Bàbá Hamdalah. Mi ò rí ìpẹtà."

Hamdalah fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò jáde. Ó ti rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀. Ìpẹtà tí òjò fọ̀ lára páànù ti lọ sínú omi ní èérún tó kéré ju tirẹ̀ lọ. Bí èérún bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni òkè tó máa gùn ṣe kúrú tó. Èérún kóbáàtì rẹ̀ ti sùn bó ṣe yẹ kó sùn. Ìpẹtà ilé wọn ló ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé òkè tiẹ̀ kúrú débi pé otútù yẹn gan-an ò lè dá a dúró. Kò sí ohun tó gba inú ògiri kankan kọjá.

Ó sọ fún wọn. Ó sọ nípa àpérò, ó sọ nípa àyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ nípa ọjọ́ Ẹtì.

"Ṣé ó lè ba iṣẹ́ ẹ jẹ́ ni?" Bàbá béèrè.

"Ó ti bà á jẹ́, Bàbá. Ohun tí wọ́n rí kọ́ ni wọ́n rò pé wọ́n rí."

Àdíját jókòó sórí àpótí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé àwọn òyìnbó náà ti mọ̀?"

"Rárá, Màámi."

"Ṣé wọ́n á mọ̀ bí o ò bá sọ?"

"Bóyá lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ẹlòmíì á po tiẹ̀, kò ní rí i, á sì máa fi ọdún gbáko wá ohun tí kò sí."

Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ni bátìrì. "Omi mi ni kò dáa, Alàájì. Rárá, kì í ṣe bátìrì yín. Ẹ gbé e padà wá, mo máa fọ̀ ọ́ látinú." Àdíját náà dìde láti wá nǹkan ṣe. Ó lọ síbi dúrọ́ọ̀mù búlúù, ó sì fi èjìká tì í kó lè da omi burúkú náà nù.

"Màámi, ẹ má dà á nù!"

Hamdalah ti sáré dé ibẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ń sáré. Ó di dúrọ́ọ̀mù náà mú bí ẹni di ọmọ mú. "Mo fẹ́ ẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́."

Ọjọ́ méjì ló fi ń da èyí tó kù ní ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù náà sínú àwo gíláàsì pẹrẹsẹ lójú oòrùn, tó ń bo àwo kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí eruku má baà kó sí i. Bó bá gbẹ, á ha ìsàlẹ̀ rẹ̀, á tún da omíràn sí i. Àwọn aládùúgbò tó ń kọjá ń béèrè bóyá iyọ̀ ló ń ṣe. "Ìpẹtà ni," ló ń dá wọn lóhùn, wọ́n á sì ní Ọlọ́run á ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyẹ̀fun pupa tó tó ṣíbí tíì kan wà nínú ìgò kékeré, ó sì kọ ọjọ́ àti orúkọ dúrọ́ọ̀mù sára rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ó gbé ìgò náà lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣóbọ̀wálé. Kò jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì fi ohunkóhun pamọ́, àyàfi pé ó ní, "Wọ́n gbè é lábẹ́ páànù," kò sọ ẹni tó gbè é.

"Omi bátìrì," Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Omi bátìrì lo fi fọ èérún tí mo fi ránṣẹ́ sókè òkun, tí mo sì fọwọ́ sí lórúkọ ara mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo sì kọ 'omi mímọ́' sínú ìwé iṣẹ́. Mi ò purọ́ nígbà tí mo kọ ọ́, àmọ́ mi ò dán an wò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ̀rí dà? Mo ti gbọ́ pé òrùka wà lórí gíláàsì. Ṣé ohun tí mo máa sọ fún Henry nìyẹn, pé bàbá oníbátìrì kan rí òrùka?"

"Rárá, mà." Hamdalah gbé ìgò síwájú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn èyí nìkan. Bó bá jẹ́ pé ìpẹtà ni, ìlà rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí tiwa ti tẹ́. Màá po òmíràn, màá fi omi tó yege fọ̀ ọ́. Ti ìyẹn á máa wálẹ̀ lọ. Bí mo bá ṣì í, àwọn méjèèjì máa fi hàn pé mo ṣì í, ẹ ó sì lè fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àpérò tọdún tó ń bọ̀."

"O mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì kò ní dúró. O mọ̀ pé àyè yẹn ò ní dúró."

"Mo mọ̀, mà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìgò náà sókè, ó yí i lójú fèrèsé. "Mi ò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ po èérún ẹ." Nígbà tí Hamdalah dé ẹnu ọ̀nà, Ọ̀jọ̀gbọ́n tún pè é padà. "Omi ẹ̀ka kẹ́mísírì ni kí o lò o. Bí òjò bá rọ̀, jọ̀ọ́, máa wò ó láti ojú fèrèsé."

Inú bí Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì fi pamọ́. Odindi oṣù kan ló fi ń pe Hamdalah ní Ọmọ Olójò níwájú gbogbo láàbù. Hamdalah ń dáhùn, "Mà!" ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó dán omi ẹ̀ka kẹ́mísírì wò kó tó lò ó. Ó dán èyí tí wọ́n fún un lọ́jọ́ kejì náà wò.

Lóṣù karùn-ún, ìdáhùn Dókítà Henry wọlé sórí fóònù Hamdalah bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ ká aṣọ lórí okùn. Ó gbé aṣọ sílẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró.

"Kí ni wọ́n wí?" Àdíját béèrè. Láti oṣù kejì ni kò ti fọkàn balẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò bá a wí.

"Ìpẹtà ni, Màámi. Wọ́n wọn òun nìkan, ìlà rẹ̀ tẹ́ síbi tí tàkọ́kọ́ tẹ́ sí gan-an. Èyí tí mo fọ̀ dáadáa ń wálẹ̀ lọ ní tiẹ̀, títí dé ibi tí ẹ̀rọ wọn lè rí i dé."

"Ìwọ lo tọ̀nà, nìyẹn."

"Èmi ni mo tọ̀nà."

"Àyè ẹ ńkọ́?"

Hamdalah tún wo fóònù náà, kó má baà sọ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. "Wọ́n ti fún ẹlòmíì ní tọdún yìí. Dókítà náà ní kí n kọ̀wé fún tọdún tó ń bọ̀, kí n sì fi ìpẹtà yìí ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Ó ní láàbù òun ò tíì rí ìpẹtà òrùlé nínú otútù yẹn rí."

Àdíját di ìró tó ń ká mú sáyà. Ó rò ó díẹ̀. "Ṣé ìpẹtà páànù mi ló wọ bàálù dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Èmi tí mo ni ilé, Bàdágìrì ni mo lọ jìnnà jù láyé mi."

"Ó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, Màámi. Ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú èérún mi, ẹ̀ẹ̀kan lóun nìkan."

"Wò ó! Láìgba físà!"

Hamdalah rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di okùn aṣọ mú. Nígbà tó ká aṣọ tán, ó wọlé, ó gbé ìwé tuntun sórí tábìlì, ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sókè. Ó ku oṣù mẹ́wàá kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn ìwé ìbéèrè fún àyè tọdún tó ń bọ̀, ó sì dá a lójú pé ó pọ̀ tó. Ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìbéèrè náà láti orí àṣìṣe ara rẹ̀: omi tó lò, ibi tí wọ́n ti gbè é, àti ìdí tí kò fi dán an wò.